Kẹ́ẹ̀gì Omi Mélòó Ni Ó Tó Ẹja? Ìtàn Bí Wọ́n Ṣe Ń Wọn Àpótí Ẹja

Bí ènìyàn bá fẹ́ máa sin ẹja sínú ilé fún ẹwà, ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ òǹtajà ni bí àpótí náà ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó. Òǹtajà yóò nàka sí abọ́ gíláàsì róbótó kan tí kò ju orí ọmọdé lọ. Yóò ní ẹja kékeré ṣáà ni, abọ́ kékeré náà ló yẹ ẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, ẹja á ti léfòó. Ẹni tí ó rà á á gbà pé ẹja sínsìn kò bá òun lára mu, yóò fọ abọ́ náà, yóò sì máa kó ṣẹ́ńjì sínú rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìbéèrè yìí ní ìtàn. Láti nǹkan bí ọdún 1850 ni àwọn ènìyàn ti ń gbìyànjú láti fi òǹkà dá a lóhùn, gbogbo òǹkà tí wọ́n mú jáde ló sì ní irinṣẹ́ ìgbà tirẹ̀ lẹ́yìn. Ẹni tí ó bá gba òǹkà ìgbà kan láìgba irinṣẹ́ ìgbà náà, apẹ̀rẹ̀ ló fi ń pọn omi. Èrò wa nínú àròkọ yìí ni pé ìdáhùn tí ó dàgbà jù nínú wọn, èyí tí wọ́n rí kí iná mọ̀nàmọ́ná tó wọ ilé ẹnikẹ́ni, ni ó bá ilé tí iná kì í dúró sí mu jù lọ.

Kí a tó lọ jìnnà, àpótí ẹja tí a ń sọ ni àpótí onígíláàsì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní aquarium. Ẹja tí a sì ní lọ́kàn ni àwọn ẹja kéékèèké tí kì í jẹ ara wọn, tí oríṣi mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè gbé inú àpótí kan náà láìjà. A ó máa pè wọ́n ní ẹja àjùmọ̀gbé.

Àwọn ará Ṣáínà ti ń sin ẹja goldfish tipẹ́tipẹ́ kí gíláàsì tó di ohun tí ọwọ́ mẹ̀kúnnù ń tó. Inú adágún ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń sìn ín, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń sìn ín nínú ìkòkò ńlá. Ní 1596, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Zhang Qiande kọ odidi ìwé lórí ẹja yìí àti ìtọ́jú rẹ̀. Ohun kan wà nínú àṣà náà tí a máa ń gbójú fò: láti òkè ni wọ́n ti ń wo ẹja wọn. Ìkòkò tí a ó máa wò láti òkè gbọ́dọ̀ lẹ́nu gbàràmù, èyí tí ó bá sì lẹ́nu gbàràmù ń rí afẹ́fẹ́ gbà dáadáa. Nígbà tí ẹja náà dé Yúróòpù, tí wọ́n fi í sínú abọ́ gíláàsì tí ẹnu rẹ̀ súnkì, láti ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n wá ń wò ó. Ojú olówó ń gbádùn, ẹja ń pọ̀kàkà ikú.

Ìdí rẹ̀ kò le. Ẹja ń mí ọ́síjìn tí ó ti yọ́ sínú omi, ojú omi, níbi tí omi àti afẹ́fẹ́ ti pàdé, sì ni ọ́síjìn náà ń gbà wọlé. Ẹ mú abọ́ róbótó kan, ẹ bu omi kún un dé ọrùn, ojú omi náà á kéré bí ẹnu ife. Ẹ da omi náà dànù títí yóò fi ku ìdajì, ojú omi á fẹ̀ ju bí ó ti rí tẹ́lẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ omi ti dín kù! Nítorí náà ẹja kan lè mí dáadáa nínú omi díẹ̀ ju inú omi púpọ̀ lọ, bí ìrísí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò bá dára. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni yóò máa tẹ̀lé wa títí dé òpin.

Ní 1846, obìnrin kan tí ń jẹ́ Anna Thynne, ìyàwó àlùfáà kan ní Westminster Abbey ní Lọ́ńdọ̀nù, kó àwọn ẹ̀dá òkun kan tí ó jẹ́ ẹbí ìyùn wálé láti Torquay. Ó fẹ́ kí wọ́n wà láàyè, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù kò sí létí òkun tí yóò fi máa rí omi òkun pààrọ̀ nígbàkigbà. Ohun tí ó ṣe ni pé ó ní kí ọmọbìnrin tí ń bá a ṣiṣẹ́ ilé máa da omi náà láti inú abọ́ kan sínú èkejì níwájú fèrèsé tí ó ṣí sílẹ̀, fún ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n tó tún un lò. Ó ṣiṣẹ́. Nígbà tí obìnrin náà ń kọ ìròyìn ohun tí ó ṣe, ó ní iṣẹ́ náà ń tánni lókun lóòótọ́, ṣùgbọ́n eré ni ọmọ náà kà á sí. Àwa kò bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, a kò sì ní gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé apá rẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀rọ afátẹ́gùn ń ṣe lónìí. Iná yóò lọ níwájú nínú àròkọ yìí, a ó sì tún padà sí ọ̀rọ̀ apá yìí.

Ẹni tí ó wá rí ọ̀nà tí ẹja yóò fi máa mí láìsí apá ẹnikẹ́ni ni Robert Warington, onímọ̀ kẹ́mísìrì tí ń bá ẹgbẹ́ àwọn apòògùn ní Lọ́ńdọ̀nù ṣiṣẹ́. Ní 1849 ni ó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò rẹ̀, ó sì kéde rẹ̀ ní 1850. Ó mú ohun èlò gíláàsì kan tí ó lè gba nǹkan bí gálọ́ọ̀nù 12, ó bu omi ìsun sí i dé ìdajì, ó kó yanrìn, ẹrẹ̀ àti òkúta sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó gbin ewéko inú omi kan tí ń jẹ́ Vallisneria sí i, ó wá sọ ẹja goldfish kéékèèké méjì sínú rẹ̀. Ìrònú rẹ̀ ni pé ẹja yóò máa lo ọ́síjìn, ewéko yóò máa pèsè rẹ̀, àwọn méjèèjì á sì máa bá ara wọn ṣòwò.

Ọjọ́ díẹ̀ ni òwò náà fi dán. Àwọn ewé tí ó gbó bẹ̀rẹ̀ sí í rà, omi dàrú, ojú gíláàsì yọ̀. Warington ronú nípa ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú adágún gidi, ó sì kó ìṣáwùrú márùn-ún tàbí mẹ́fà sí i. Àwọn ìṣáwùrú jẹ ewé tí ó ń rà, omi mọ́ padà, ẹyin tí wọ́n sì ń yé di oúnjẹ fún ẹja. Ẹja méjì, ewéko, ìṣáwùrú: gbogbo wọn ń jẹ lára ara wọn láìjẹ ara wọn run.

Ní tiwa, ìwọ̀n tí ó lò ló gbà wá lọ́kàn ju ìṣáwùrú lọ. Gálọ́ọ̀nù ìlú Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ lítà mẹ́rin ààbọ̀ àti díẹ̀ lé. Gálọ́ọ̀nù 12 jẹ́ nǹkan bí lítà 54. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ lítà 27, èyí tí ó fi díẹ̀ ju kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 tí a fi ń pọn omi ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Kẹ́ẹ̀gì kan fún ẹja kéékèèké méjì! Ọkùnrin tí ó kọ́kọ́ fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò ní àyè púpọ̀ tí kò lò. Ó lè bu omi kún un, kò bù ú kún un. Bí ó bá fẹ́, ó lè kó ẹja mẹ́wàá sí i, méjì ni ó kó sí i.

Àwọn tí ó tẹ̀ lé e kò ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Ìjọba ìlú Gẹ̀ẹ́sì ti fagi lé owó-orí gíláàsì ní 1845, nítorí náà gíláàsì ti di pọ́ọ́kú. Ní 1853, ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù ṣí ilé ẹja tí gbogbo ayé lè wọ̀ wò. Ní ọdún kejì, Philip Henry Gosse tẹ ìwé rẹ̀, The Aquarium, jáde, ìwé náà sì tan iná ran ìlú. Gbogbo ẹni tí ó ní yàrá àlejò fẹ́ ní òkun kékeré sínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn ya lọ sí etí òkun pẹ̀lú korobá, wọ́n ń tú abẹ́ òkúta, wọ́n ń kó ohun tí wọ́n bá rí. Ọmọ Gosse fúnra rẹ̀, Edmund, kọ ọ́ sínú ìwé kan ní 1907 pé àwọn tí ìwé bàbá òun ru sókè ti ba etí òkun náà jẹ́, ó sì dun bàbá náà títí. Àwọn tí wọ́n kó ẹ̀dá òkun wálé yìí ka ọ̀rọ̀ ewéko àti ẹja, wọn kò ka ọ̀rọ̀ ìdajì omi àti ẹja méjì. Wọ́n kó nǹkan kún àpótí bí ẹni ń kẹ́rù sínú ọkọ̀ ọjọ́ ọdún, àpótí sì ń rùn.

Ẹnìkan tí ó lóye ọ̀rọ̀ náà dáadáa ni William Alford Lloyd, tí ó ní ṣọ́ọ̀bù àpótí ẹja ní Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó di ẹni tí ń kọ́ ilé ẹja ńláńlá. Nínú ilé ẹja tí ó ṣe sí Crystal Palace, tí wọ́n ṣí ní 1871, ó gbẹ́ àgbá omi kan sábẹ́ ilẹ̀ tí omi inú rẹ̀ pọ̀ ju ti gbogbo àpótí tí àwọn èrò ń wò lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, ó sì ń fi ẹ̀rọ fa omi náà yípo. Omi tí kò sí ẹni tí ó ń rí ni ó ń gba omi tí wọ́n ń rí là. Ẹni tí kò bá ní irú àgbá bẹ́ẹ̀ nílé, inú àpótí rẹ̀ gan-an ni àyè tí ó ṣẹ́kù ti gbọ́dọ̀ wà.

Níbo wá ni èrò pé ẹja ilẹ̀ olóoru lè gbé inú ìgò ti wá? A rò pé ẹja kan tí ó dé Paris ní 1869 wà lára àwọn tí ó fà á. Pierre Carbonnier ni ó gbà á láti Ṣáínà, tí ó sì mú kí ó bímọ. Paradise fish ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ẹja yìí wà lára ẹ̀yà tí ó ní ibi kan nínú orí tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè, bí ó ti ń mí ti inú omi. Bí ọ́síjìn bá tán nínú omi, á gòkè wá gbá ẹnu kan, á tún padà sísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi lè la ìrìn-àjò orí òkun já. Àwọn ẹja tí kò ní irú èémí bẹ́ẹ̀ kú sọ́nà, àwọn tí ó ní in dé, ẹni tí ó sì rí àwọn tí ó dé rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹja ṣe rí. Betta tí wọ́n ń tà nínú ife rọ́bà lónìí, ẹbí rẹ̀ ni. Pé ó ń mí nínú ife kò sọ pé ife dára fún un, nítorí èémí nìkan kọ́ ni ẹja nílò.

Ibi tí ìtàn náà dùn mọ́ wa jù nìyí. Àwa Yorùbá a máa ní omi kò ní ọ̀tá. Ẹja inú abọ́ ní ọ̀tá: omi tí òun fúnra rẹ̀ tọ̀ sí ni. Ìgbẹ́ ẹja, ìtọ̀ rẹ̀, oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù, gbogbo rẹ̀ ń di amóníà, amóníà sì ń jó ẹja níbi tí ó fi ń mí. Warington kò mọ èyí. Ọ́síjìn ni ó ń wò. Ó rò pé ewéko àti ìṣáwùrú nìkan ni ó ń tún ilé ṣe, láìmọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ kan tí ojú kò lè rí wà nínú yanrìn àti ẹrẹ̀ tí ó kó sí ìsàlẹ̀.

Ní 1877, àwọn ọmọ ilẹ̀ Faransé méjì, Schloesing àti Müntz, da omi ìdọ̀tí gba inú yanrìn àti òkúta ẹfun kọjá díẹ̀díẹ̀. Fún nǹkan bí ogúnjọ́, kò sí ohun tí ó yí padà. Lẹ́yìn èyí ni amóníà inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di náítíréètì. Wọ́n fi kulorofọ́ọ̀mù sí i, iṣẹ́ náà dúró, wọ́n sì mọ̀ pé ohun abẹ̀mí ló ń ṣe é. Ẹni tí ó gba ọ̀rọ̀ náà síwájú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oko ìwádìí Rothamsted, fi hàn pé ìpele méjì ni iṣẹ́ náà ní: àwọn kan ń sọ amóníà di náítíráìtì, àwọn mìíràn ń sọ náítíráìtì di náítíréètì, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ pa ẹja lára. Orúkọ rẹ̀ ni Robert Warington. Ọmọ bíbí inú Warington àkọ́kọ́ ni! Ọ̀rọ̀ oko àti ilẹ̀dú ni ó ń wá, kò wá ọ̀rọ̀ ẹja, ṣùgbọ́n òun ni ó rí ìdajì tí ó sọnù nínú ìdánwò bàbá rẹ̀. Ní 1890, Winogradsky wá ya àwọn bakitéríà náà sọ́tọ̀ tí gbogbo ayé fi gbà.

Ogúnjọ́ tí Schloesing àti Müntz dúró yẹn, òun náà ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àpótí tuntun ń gbà kí ó tó lè gbọ́ bùkátà ẹja. Bakitéríà wọ̀nyí kì í dá lúwẹ̀ẹ́ nínú omi púpọ̀, ara nǹkan ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́: yanrìn, òkúta, kànìnkànìn, ewé. Abọ́ róbótó tí kò ní nǹkan kan nínú kò ní ilé fún wọn. Ó tún kù síbì kan: bí amóníà kan náà bá bọ́ sínú lítà 3 àti sínú lítà 75, ti àkọ́kọ́ á le ní ìlọ́po 25. Ìdí nìyí tí àpótí kékeré fi ṣòro fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ju àpótí ńlá lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òdì kejì ni wọ́n máa ń sọ fún un.

Ọ̀rúndún ogún mú iná mọ̀nàmọ́ná wọlé, iná sì yí òǹkà padà. Ẹ̀rọ amúmigbóná dé, ẹ̀rọ afátẹ́gùn dé, ẹ̀rọ asẹ́mi dé. Ẹja láti ilẹ̀ olóoru ń wọ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà lọ́pọ̀lọpọ̀. Ní 1935, William T. Innes tẹ Exotic Aquarium Fishes jáde ní Philadelphia. Ní 1936, George S. Myers fi orúkọ Innes pe ẹja pípupa-aláwọ̀-ojú-ọ̀run kan tí wọ́n rí ní agbègbè odò Amazon. Neon tetra ni orúkọ tí àwọn olólùfẹ́ ẹja mọ̀ ọ́n sí, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí bí a bá ti dárúkọ ẹja àjùmọ̀gbé.

Inú ayé tí ó kún fún ẹ̀rọ yìí ni òfin kan ti gbilẹ̀ tí kò tíì kú títí di òní: íǹṣì ẹja kan fún gálọ́ọ̀nù omi kan. Ó rọrùn láti há sórí, ohun tí ó dára nínú rẹ̀ kò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀. Òfin yìí ní ẹja oníṣì kan mẹ́wàá àti ẹja oníṣì mẹ́wàá kan ṣoṣo jọ dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹja tí ó bá gùn ní ìlọ́po mẹ́wàá yóò fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá, yóò sì nípọn ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹran ara rẹ̀ á tó ìlọ́po 1000. Ẹyọ kan yẹn tó ọgọ́rùn-ún ìgbà àwọn mẹ́wàá kéékèèké lápapọ̀, ó sì ń jẹun, ó ń ya ìgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti tóbi tó. Yàtọ̀ sí èyí, gálọ́ọ̀nù ta ni? Ti Amẹ́ríkà kò tó lítà mẹ́rin, ti Gẹ̀ẹ́sì ju mẹ́rin ààbọ̀ lọ.

Kí òfin gálọ́ọ̀nù tó gbajúmọ̀, àwọn olùsìn ẹja kan a máa wọn ojú omi. Ìwọ̀n tí wọ́n máa ń lò fún ẹja olóoru kéékèèké ni pé kí ojú omi fẹ̀ tó íǹṣì onígun mẹ́rin 12 fún íǹṣì ẹja kọ̀ọ̀kan. Àwa fara mọ́ èyí ju tàkọ́kọ́ lọ. Ẹ wo àpótí méjì tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n jọ ń pè ní gálọ́ọ̀nù 20. Ọ̀kan gùn ní íǹṣì 30, ó fẹ̀ ní 12, ó ga ní 12. Èkejì gùn ní 24, ó fẹ̀ ní 12, ó ga ní 16. Ojú omi ti àkọ́kọ́ jẹ́ 360, ó gba íǹṣì ẹja 30. Ti èkejì jẹ́ 288, ó gba 24. Nínú ṣọ́ọ̀bù, èyí tí ó ga ni ó máa ń fa ojú mọ́ra.

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ ọ́ wálé, nítorí ẹja ti ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ tipẹ́. Ní 1901, Boulenger, tí ń ṣiṣẹ́ ní British Museum, ṣe àpèjúwe ẹja kékeré kan láti gúúsù Nàìjíríà, aláwọ̀ elésè àlùkò níkùn, tí a mọ̀ sí Pelvicachromis pulcher. Orúkọ tí wọ́n fi ń tà á káàkiri ayé ni kribensis, láti ara ìlú Kribi ní Kamẹrúùnù, bẹ́ẹ̀ ọmọ Nàìjíríà ni. Ní 1909, Boulenger kan náà tún ṣe àpèjúwe ẹja mìíràn, olójú pupa, tí ó ní ìpẹ́ ńláńlá tí ń dán. Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti ń rí i nínú igbó àti odò: ní ìsàlẹ̀ Odò Ọya àti nínú Odò Ògùn. Bẹ́ẹ̀ ni o, Odò Ògùn tí ó gba Abẹ́òkúta kọjá, odò Yemọja. Ní 1926, Myers, ẹni kan náà tí ó padà wá fi orúkọ Innes pe neon tetra, sọ ẹ̀yà ẹja yìí ní Arnoldichthys, láti fi bu ọlá fún Johann Paul Arnold, ará Jámánì tí ń sin ẹja. Ẹja Odò Ògùn ń jẹ́ orúkọ ará Jámánì. A sọ ọ́ lásán ni, a kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ sin irú ẹja wọ̀nyí ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Èkó kò nílò ẹ̀rọ amúmigbóná. Ṣùgbọ́n ooru ilẹ̀ wa ní ìpalára tirẹ̀. Omi tí ó bá gbóná kì í lè di ọ́síjìn mú púpọ̀. Ní ìwọ̀n ooru 15 ti Celsius, irú èyí tí ó lè wà nínú yàrá kan ní Lọ́ńdọ̀nù ayé Warington, lítà omi kan lè di nǹkan bí mìlígíráàmù 10 ọ́síjìn mú. Ní ìwọ̀n 30, kò ju 7 ààbọ̀ lọ. Ìdá mẹ́rin kan ti lọ kí ẹja tó mí rárá, bẹ́ẹ̀ inú ooru ni ẹja ti ń mí jù. Òfin tí ó tó wọn lọ́hùn-ún kò lè tó wa.

Lẹ́yìn èyí ni iná lọ. Gbogbo ìwé tuntun tí ń sọ iye ẹja tí àpótí lè gbà gbé e lé e pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Bí ẹ̀rọ asẹ́mi bá dákẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ, omi kò ní mì mọ́, bakitéríà inú rẹ̀ tí òun náà ń lo ọ́síjìn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú, àpótí tí wọ́n fi ẹ̀rọ kún fọ́fọ́ á sì di abọ́ róbótó lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ń tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ẹja, owó epo yóò ju owó ẹja lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìdí nìyí tí a fi ní ìwọ̀n Warington ni kí á padà sí: kí ẹja kéré, kí ojú omi fẹ̀, kí ewéko wà, kí ìsàlẹ̀ ní yanrìn. Bí ẹ̀rọ bá wà, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ìrànlọ́wọ́ lásán.

Kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta, lítà 75, ni àpótí tí ó kéré jù tí a lè fọwọ́ sí fún ẹja àjùmọ̀gbé ní ilé tí iná ń lọ tí ó ń bọ̀. Kí ó gùn ju bí ó ti ga lọ. Bí ìṣirò ojú omi bá ní ó gba íǹṣì ẹja 30, kí á kó 15 sí i, kí á sì wọn ẹja gẹ́gẹ́ bí yóò ti gùn tó bí ó bá dàgbà tán. Tọkọtaya kribensis kan àti neon tetra mẹ́fà ti tó ìwọ̀n yẹn. Akọ kribensis lè gùn tó íǹṣì mẹ́rin, ìsàlẹ̀ àpótí ni ó ti ń gba ilẹ̀, ó sì máa ń lé ẹni tí ó bá dé ẹnu ihò rẹ̀ nígbà tí ó bá ní ọmọ, nítorí náà fífẹ̀ ìsàlẹ̀ ni yóò pinnu bóyá àlàáfíà á wà. Ojúoró dára lórí omi, gbòǹgbò rẹ̀ ń gba lára ìdọ̀tí, ṣùgbọ́n kí ó má bo ju ìdá mẹ́ta kan lọ. Gbogbo wa ni a mọ ojúoró sí ewé àdúrà nítorí pé kì í rì, bí ó bá sì bo ojú omi tán, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ni ó dí yẹn. Bí iná bá pẹ́ kó tó dé, tí ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í ya ẹnu lókè omi, ẹ mú ife, ẹ bu omi inú àpótí náà, ẹ dà á padà láti òkè, léraléra. Iṣẹ́ ọmọbìnrin ilé Thynne nìyẹn, kò tíì gbó.

Ẹja Odò Ògùn nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè gùn tó íǹṣì mẹ́ta, ó ń yára lúwẹ̀ẹ́, kì í sì í fẹ́ dá wà: mẹ́fà ni kí á kó pọ̀, ó kéré tán. Àpótí tí ó gùn ní íǹṣì 48, tí ó fẹ̀ ní 15, tí ó sì ga ní 15 ni a rò pé ó yẹ wọ́n, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì méje. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan, nítorí náà omi nìkan á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 175, kí á tó ka yanrìn, òkúta àti gíláàsì. Tábìlì ìkàwé kò lè gbé e. Orí búlọ́ọ̀kù ni kí ẹ gbé e kà, lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, jìnnà sí fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń gbà wọlé.